Ẹni Tó Sanwó Ló Ń Yàn

Ẹ wò ó, àwọn èèyàn kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ra bàtà fún ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n á tún fẹ́ máa yan ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà yóò gbà. Oore ni wọ́n ń pè é. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò tíì rí orúkọ tí òun yóò pè é, àmọ́ ó ti ń wá a láti ìgbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà ti mọ́, bó ṣe ń ro ẹ̀wà lórí iná, tó sì ń gbọ́ ohùn àwọn àna rẹ̀ láti yàrá iwájú.

Yàrá iwájú yìí náà ni ọkọ rẹ̀, Onígbàjámọ̀, fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Dígí ńlá kan wà níbẹ̀, àga kan fún ẹni tí wọ́n ń fá lórí, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan fún àwọn tó ń dúró. Aṣọ ìkélé kan ṣoṣo ló pààlà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìdáná, aṣọ kì í sì í dí ọ̀rọ̀ lọ́nà. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò ló wà lórí àga lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti fá apá ọ̀tún orí rẹ̀, apá òsì ṣì kún bí igbó, kò sì sẹ́ni tó rójú ti ẹ̀, nítorí mọ̀lẹ́bí ti dé, ìpàdé sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ pàdé kò ju ọ̀kan lọ. Jẹ́jẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ilé yẹn ní, fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò sì ní wo ojú rẹ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ fi ọdún kan ka kọ́ọ̀sì márùn-ún kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì ti dárúkọ márààrún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò ti fèrèsé tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Bí Jẹ́jẹ́ ò bá rí márùn-ún yẹn mú, ó di ọdún mìíràn. Bó bá sì lọ mú òmíràn dípò wọn, á kàwé fún odidi ọdún kan, á sì dà bí ẹni tí ò kà rárá.

Agbára Onígbàjámọ̀ nìkan kò ká owó rẹ̀. Ni mọ̀lẹ́bí bá ní àwọn yóò gbà á rù. Onígbàjámọ̀ mú owó kọ́ọ̀sì méjì, ìyá rẹ̀ mú ọ̀kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù mú ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta aṣọ mú ọ̀kan. Ó dára, ó dùn, a dúpẹ́. Àfi bí Àǹtí Aláṣọ ṣe jókòó tán láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ní, "Ẹni tó sanwó ló ń yàn." Làwọn yòókù bá gbà á bí ẹni ń ṣe àmín.

"Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ọjà ni tèmi," ni Àǹtí Aláṣọ wí. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, irun Gbẹ́nàgbẹ́nà sì ń lẹ̀ mọ́ ọn ní bàtà. "Tó bá ti ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ̀ nírọ̀lẹ́, á máa yà bá mi ṣe ìṣirò ṣọ́ọ̀bù."

"Kọ̀ǹpútà ni tèmi," ni Dírẹ́bà wí. "Ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà. Nọ́ọ̀sì tí ò mọ kọ̀ǹpútà, dírẹ́bà tí ò mọ jíà ni."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre," ni Ìyá Àgbà wí láti orí bẹ́ǹṣì. "Oúnjẹ aláìsàn ni kí wọ́n kọ́ ọmọ mi. Aláìsàn tí ò jẹun, òògùn wo ló fẹ́ bá a jà?"

Onígbàjámọ̀ gbé ẹ̀rọ ìfárí sókè bí ẹni fẹ́ búra. "Méjì ni tèmi. Àkọ́kọ́ ni 'Nọ́ọ̀sì Ayé Òde Òní.' Èkejì ni 'Ìwà àti Ìmúra Nọ́ọ̀sì.' Wọ́n kọ nọ́ọ̀sì sí i lára gàdàgbà-gadagba! Kí la tún ń wá kiri?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun Ìyá Jẹ́jẹ́ wọra gan-an nìyẹn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Wọ́n mọ̀ pé bàbá tó bá ti rí orúkọ nọ́ọ̀sì lára kọ́ọ̀sì, kíá ni yóò sanwó. Kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kò sì ná wọn ní nǹkan kan: kò gba ẹ̀rọ, kò gba yàrá àyẹ̀wò, àga àti pátákó ti tó. Ìwà burúkú ni, kò sì sẹ́ni tó ń mú wọn fún un. Àwọn tí orúkọ nọ́ọ̀sì ò sí lára wọn ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè.

Jẹ́jẹ́ ti ṣàlàyé wọn títí bí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe jọ ń lọ aṣọ oníbàárà, nítorí alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Ó ní kẹ́mísírì ni wọ́n fi ń mọ òògùn tó ń bá òògùn rẹ́ àti èyí tó ń bá òògùn jà. Ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara, kí abẹ́rẹ́ má baà lọ síbi tí a ò rán an. Ẹ̀kọ́ kòkòrò àrùn, kí èèyàn má wá gba ìwòsàn ẹsẹ̀ kó gbé àrùn ọwọ́ relé. Ìṣirò ìwádìí, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá òògùn ló ṣiṣẹ́ ni tàbí àìsàn náà kàn rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ìkarùn-ún ni ẹ̀kọ́ nípa ọkàn èèyàn. Ìyá Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn ìyẹn jù, nítorí lọ́jọ́ tí wọ́n dá òun náà dúró sílé ìwòsàn, ẹ̀rù ló ń bà á ju bí ara ṣe ń ro ó lọ, kò sì sẹ́ni tó bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀," ni Jẹ́jẹ́ wí. Orúkọ rẹ̀ ò parọ́ mọ́ ọn, kì í pariwo. Ẹ̀gbẹ́ dígí ló dúró sí, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ dárúkọ, kò sí ọ̀kan tó wà nínú márùn-ún tí wọ́n ń béèrè."

"Ẹ̀kọ́ ò pọ̀ jù," ni Dírẹ́bà fèsì.

"Bọ̀dá, wọn ò ní gbà mí."

"Ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo sanwó ni?" ni Àǹtí Aláṣọ bi í.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú o. Ọmọ Télọ̀ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n pé jọ rán an níwèé, tí kálukú yan tiẹ̀. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kò mú nǹkan kan dání. Bọ́tìnnì ló ń rán báyìí nídìí máṣíìnì ìyá ẹ̀."

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀. "Orí ni mo ń bá ọ fá, mi ò bá ọ fá ẹnu."

"Orí wo lẹ ń fá? Ṣebí ẹ ti fi ìdajì sílẹ̀!"

Ìyá Jẹ́jẹ́ ká aṣọ ìkélé kúrò, ó bọ́ síta tòun ti ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. "Àǹtí, ẹ má bínú. Ọmọ yìí mọ ibi tó ń lọ. Ẹ jẹ́ kó..."

"Ìyàwó," ni Àǹtí Aláṣọ wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè, "èló nìwọ mú sílẹ̀?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà wúkọ́. Onígbàjámọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀rọ ìfárí tí kò sí irun kankan lára rẹ̀, ó tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Jẹ́jẹ́ wo ọkọ rẹ̀ títí, bóyá á lanu sọ pé ẹni tó ń fọ aṣọ tí wọ́n fi ń jẹun nílé yìí mú nǹkan sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò wí nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn ún ju ọ̀rọ̀ ẹnu àna rẹ̀ lọ. Ó wá wo ọmọ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá Jẹ́jẹ́ padà sínú ilé ìdáná.

Ìṣe ìdílé yẹn ni pé tí wọ́n bá fẹ́ pàdé nílé Onígbàjámọ̀, ẹnìkan kì í wá lọ́wọ́ òfo. Dírẹ́bà ló máa ń gbé ẹ̀wà wá láti ọ̀nà jíjìn. Àǹtí Aláṣọ á mú alùbọ́sà wá. Ìyá Àgbà á mú iyọ̀ wá, nítorí kò fọkàn tán iyọ̀ ilé ẹlòmíràn. Onígbàjámọ̀ á ra epo sítóòfù àti ìṣáná. Wọ́n á kó o lé Ìyá Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á lọ jókòó, oúnjẹ á sì dé.

Ó ṣí ìdérí ìkòkò. Ẹ̀wà ti jinná, ó rọ̀, epo ti pọ́n lójú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba ilé kan. Ó wo ìkòkò, ó wo àpò ẹ̀wà tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀rín kan ṣàdédé gbọ̀n ọ́n níkùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó àwo.

Ó gbé wọn jáde lórí páànù, ó bo gbogbo wọn. Ó gbé ti Ìyá Àgbà síwájú rẹ̀, ó gbé ti Àǹtí, ti Dírẹ́bà, ti ọkọ rẹ̀. Ó bá wọn kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Oúnjẹ ti délẹ̀."

Dírẹ́bà lebi ń pa jù, òun ló kọ́kọ́ ṣí tiẹ̀. Ẹ̀wà tútù ló bá níbẹ̀, gbígbẹ, tòun ti òkúta wẹ́wẹ́ tó bá a wá. Ó ro ó bóyá ojú òun ni, ó fi ṣíbí kàn án, ó dún ká-ká-ká. Ìyá Àgbà ṣí tirẹ̀, ó bá òkìtì iyọ̀. Onígbàjámọ̀ ṣí tirẹ̀, páálí ìṣáná kan ló dùbúlẹ̀ láàárín àwo. Àǹtí Aláṣọ ṣí tirẹ̀ kẹ́yìn. Alùbọ́sà kan ni, odidi, tòun ti èèpo lára.

"Kí lèyí?"

"Ohun tí ẹ mú wá ni, Àǹtí."

"Ẹ̀wà dà?"

"Ẹ̀wà kọ́ lẹ mú wá. Ọkọ mi Dírẹ́bà ló mú ẹ̀wà wá, ẹ̀wà sì rèé níwájú wọn. Ẹni tó sanwó ló ń yàn. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni wọ inú ti ẹlòmíràn."

"Orí ìyàwó yìí ti dàrú!" ni Àǹtí pariwo.

"Orí mi ò dàrú." Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti dìde. "Nígbà tí ẹ kó nǹkan wọ̀nyí lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀, ta ló sọ fún mi pé kí n má da alùbọ́sà òun mọ́ iyọ̀ ẹlòmíràn? Ta ló wá dúró tì mí nídìí iná pé owó òun ni, òun lòun máa rò ó? Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi torí pé èmi lẹ ní kó sè é. Jẹ́jẹ́ lẹ ní kó lọ di nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kó se ìkòkò tiẹ̀."

Ó wọlé, ó bu ẹ̀wà gidi sínú àwo kan, ó kún dẹ́nu, ó gbé e fún Jẹ́jẹ́ níwájú gbogbo wọn.

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìyá Àgbà ti ìka bọ iyọ̀, ó lá a, ojú rẹ̀ sì hunjọ. Ẹ̀rín ló bá bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. "Yéè, ẹ wá wo ayé mi! Ọjọ́ ogbó mi nìyàwó mi fi iyọ̀ bọ́ mi! Ìyá Jẹ́jẹ́, gba iyọ̀ yìí lọ́wọ́ mi, dá a padà síbi tó ti wúlò. Kí ọmọ fi tèmi san èyí tó bá fẹ́. Oúnjẹ aláìsàn, èmi á kọ́ ọ nínú ilé ìdáná, lọ́fẹ̀ẹ́ lófò."

"Tèmi náà," ni Dírẹ́bà wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwo Jẹ́jẹ́. "Ṣebí èmi náà ń gbẹ́rù. Ẹlẹ́rù kan ò gbọdọ̀ bá mi di sítíárìn mú. Ìyàwó wa, ẹ bu ẹ̀wà fún mi."

Ó wá ku bàbá ọmọ. Onígbàjámọ̀ ń yí páálí ìṣáná lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà le fún un, nítorí ó ti fi kọ́ọ̀sì nọ́ọ̀sì gàdàgbà yẹn ṣe fáàrí fún gbogbo oníbàárà. "Jẹ́jẹ́," ló wí níkẹyìn, "tí orúkọ nọ́ọ̀sì ò bá sí lára ẹ̀, táwọn èèyàn bá bi mí pé kí lọmọ mi ń kọ́, kí ni kí n sọ?"

Jẹ́jẹ́ gbé ẹ̀wà ẹnu rẹ̀ mì. "Ẹ sọ fún wọn pé mò ń kọ́ bí wọn ò ṣe ní kú sí mi lọ́wọ́."

"Ó tán!" Gbẹ́nàgbẹ́nà lu apá àga gbàmù. "Ọ̀rọ̀ ti bùṣe!"

Onígbàjámọ̀ gbé páálí ìṣáná lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Kò bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, kò sì tètè mú ọwọ́ náà kúrò. "Méjì tèmi, kó yàn án bó ṣe fẹ́," ló wí.

Àǹtí Aláṣọ nìkan ló dìde. Ó gbé alùbọ́sà rẹ̀ jù sínú báàgì, ó sì so gèlè rẹ̀ le. "Owó mi ò ní lọ síbi tí mi ò rán an," ló wí, ó bá tirẹ̀ lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà fò dìde tẹ̀lé e, tòun ti ìdajì orí. Onígbàjámọ̀ ní kó dúró kí òun parí ẹ̀, Gbẹ́nàgbẹ́nà ní àwọn á ríra. Ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè jókòó kí wọ́n máa fá a lórí.

Bí Onígbàjámọ̀, ìyàwó rẹ̀, Dírẹ́bà àti Jẹ́jẹ́ ṣe dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìlà gùn níwájú fèrèsé. Ìyá Àgbà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ nílé, ó fi owó tirẹ̀ rán wọn. Gbogbo ojú ọ̀nà ni Ìyá Jẹ́jẹ́ fi ń rò ó. Owó kọ́ọ̀sì mẹ́rin ti wà nílẹ̀. Kẹ́mísírì ló kù, òun ló sì wọ́n jù, nítorí yàrá àyẹ̀wò rẹ̀. Inú ìlà yìí náà ló ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi: ká ní òun gbé oúnjẹ fún wọn bí ẹni ire, ṣé ọmọ òun ò bá ti rí owó Àǹtí?

Ó kàn wọ́n. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé kọ mẹ́rin sílẹ̀, ó gbówó, ó wo Jẹ́jẹ́. "Kẹ́mísírì ló kù? Ó le o. Ẹ mú 'Nọ́ọ̀sì Ayé Òde Òní' dípò rẹ̀. Owó rẹ̀ pọ́ọ́kú, kò sì sẹ́ni tí kì í yege níbẹ̀."

Ìyá Jẹ́jẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọkọ òun lè gbà á.

"Ẹ lọ tà á fún ẹlòmíràn," ni Onígbàjámọ̀ wí.

"Ó dáa, ẹ sanwó kẹ́mísírì nígbà náà. Mo fẹ́ tilẹ̀kùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ fún wa níṣẹ́jú díẹ̀," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́. Dírẹ́bà ń tú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó tún ń tú ti ẹ̀wù. Akọ̀wé ti na ọwọ́ mú ìlẹ̀kùn fèrèsé, ó ti fà á dé ìdajì.

"Ẹ má tì í! Ẹ má tì í o!"

Gbogbo ìlà yíjú padà. Àǹtí Aláṣọ ló ń sáré bọ̀, gèlè ti ṣí, òógùn bò ó. Ó ki orí bọ iwájú akọ̀wé bí ẹni fẹ́ gba fèrèsé náà wọlé.

"Àǹtí Alùbọ́sà!" ló wí, ó ń mí helehele. "Ohun tí wọ́n ń pè mí nìyẹn! Gbẹ́nàgbẹ́nà olórí ààbọ̀ yẹn ti rò ó káàkiri. Oníbàárà wá ra aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fún òun ní èyí tí ò ní ta òun lójú. Èmi! Èwo ló kù tí wọn ò tíì san?"

"Kẹ́mísírì ni, Àǹtí," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Èmi ni mo san kẹ́mísírì! Kí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà yìí gbọ́ ọ, kí ẹ sì rò ó kiri bẹ́ẹ̀!" Ó da owó sílẹ̀ níwájú akọ̀wé.

Ìyá Jẹ́jẹ́ fẹ́ kúnlẹ̀ níbẹ̀ náà. Àǹtí fà á dìde lápá, ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìbínú bá mi lójú ọ̀nà, ni mo bá gé alùbọ́sà yẹn jẹ. Kò ṣeé dá jẹ, Ìyá Jẹ́jẹ́. Lóòótọ́, kò ṣeé dá jẹ." Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn ṣubú.

Akọ̀wé ka owó tán, ó ti ìwé jáde látinú fèrèsé. "Ta ló yan àwọn kọ́ọ̀sì yìí? Ẹni tó yàn án ni kó fọwọ́ sí i."

Ẹnu Onígbàjámọ̀ là. Ti Dírẹ́bà là. Ti Àǹtí Aláṣọ ti là ṣáájú tiwọn. Ìyá Jẹ́jẹ́ rí gbogbo rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì já. Ni ẹnu wọn bá ń padé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà, tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni lójú títì, ló kọ́kọ́ yà sẹ́yìn kí ọmọ ráyè kọjá.

"Èmi ni," ni Jẹ́jẹ́ wí, ẹni tó wà ní ìdí ìlà pàápàá gbọ́ ọ. Ó gba kálàmù lọ́wọ́ akọ̀wé. Igbe ayọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i tán.